“Ẹ fún mi ní èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde”: ọ̀rọ̀ oògùn tuntun tá a gbà gbọ́ tí kì í ṣòótọ́

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, láti Takie títí dé Under G, ìgbàgbọ́ kan wà tó ti wọ gbogbo wa lára, pé oògùn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ló lágbára jù, òun ló dẹ̀ dáa jù, àti pé tí NAFDAC bá ti lè fún un ní nọ́ńbà pẹ́nrẹ́n, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, kò séwu mọ́. Mo máa ń gbọ́ ọ nídìí káńtà kẹ́míìsì wa débi pé ó ti ń sú mi láti bá èèyàn jiyàn. Irọ́ ni ṣá. Kì í dẹ̀ ṣe irọ́ kékeré téèyàn á fi rẹ́rìn-ín kó máa lọ.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ bí oògùn ṣe ń dé ọjà ná. Wọ́n á dán an wò lára èèyàn díẹ̀ tára wọn le, bí i 20 sí 100, wọ́n á wá gbé e lọ sọ́dọ̀ ọgọ́rùn-ún mélòó kan tó ní àìsàn ọ̀hún, ìpele kẹta ló máa ń tóbi, ìyẹn náà sábà máa ń wà láàárín 300 sí 3,000. Ó pọ̀ lójú yín àbí? Ó dáa, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Tí wàhálà kan bá wà tó jẹ́ pé ẹnì kan péré nínú 10,000 ló ń mú, ẹ lè fún 3,000 èèyàn lóògùn yẹn kó má mú ẹnì kankan nínú wọn. Ọjọ́ tí mílíọ̀nù kan èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lọgọ́rùn-ún èèyàn máa kó sí i. Kò sẹ́ni tó purọ́ fún yín, kò sẹ́ni tó gba rìbá, èèyàn tí wọ́n fi dán an wò ni ò tíì pọ̀ tó.

Ẹ tún wo irú àwọn tí wọ́n ń mú. Wọn kì í sábà mú aláboyún. Bàbá ẹni 80 ọdún tí kíndìnrín ẹ̀ ti ń ṣe ségesège, wọn kì í fẹ́ mú un. Ẹni tó ń lo oògùn márùn-ún pọ̀ tó tún ń mu àgbo lé e lórí ńkọ́, ta ló fẹ́ fi nǹkan tó ń yẹ̀ wò sínú rògbòdìyàn yẹn? Bẹ́ẹ̀ àwọn wọ̀nyí gan-an ló máa kọ́kọ́ wá rà á lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ tó bá dé.

Nọ́ńbà NAFDAC ṣe pàtàkì o, kẹ́ ẹ má ra èyí tí ò ní. Ohun tó ń sọ fún yín ni pé wọ́n ti yẹ oògùn náà wò, pé fún àìsàn tí wọ́n kọ sára ẹ̀, ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ, oore tó ń ṣe ju ibi tí wọ́n tíì rí lọ. Tí wọ́n tíì rí. Kò sọ pé ó bá ara tiyín mu, kò dẹ̀ sọ pé ẹ lè fi wo àìsàn míì tí ò sí níbẹ̀.

Ẹ rántí Vioxx? Oògùn ara ríro àti oríkèé ríro ni, ilé iṣẹ́ Merck ló ṣe é, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1999, ìpolówó ẹ̀ ni pé kò ní máa dá ọgbẹ́ sí ikùn bí i tàwọn ti àtijọ́. September 2004 ni wọ́n kó o kúrò lọ́jà káàkiri ayé torí pé ó ń fa kí ọkàn ṣàdédé daṣẹ́ sílẹ̀, ó tún ń fa rọpárọsẹ̀. Ó ti lé lọ́dún márùn-ún táwọn èèyàn ti ń gbé e mì kó tó di pé wọ́n kó o nílẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní ti òyìnbó nìyẹn. Ó dáa, ẹ gbọ́ ti Lapdap. Oògùn ibà ni, torí ilẹ̀ Áfíríkà gan-an ni wọ́n ṣe é, Ìlú Ọba fọwọ́ sí i ní 2003. Ní 2008 wọ́n kó o nílẹ̀. Ohun tó fà á ni pé ó ń run ẹ̀jẹ̀ àwọn tí èròjà kan tí wọ́n ń pè ní G6PD ò tó lára wọn, ìyẹn dẹ̀ pọ̀ dáadáa láàárín àwa tá a wà níbí, pàápàá àwọn ọkùnrin. (Òun náà ló wà nídìí báwọn nọ́ọ̀sì ṣe máa ń pariwo pé kẹ́ ẹ má fi kánfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ tuntun.) Ẹ ò rí i pé oògùn tí wọ́n dìídì ṣe fún wa náà lè ní tiẹ̀ nínú.

Kì í dẹ̀ ṣe ọ̀kan tàbí méjì. Nínú oògùn tuntun 222 tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí láàárín 2001 sí 2010, àwọn olùwádìí padà lọ wò wọ́n, 71 ni nǹkan ṣẹlẹ̀ nípa ẹ̀ lẹ́yìn tó ti dé ọjà, bóyá kí wọ́n fi ìkìlọ̀ ńlá kún un tàbí kí wọ́n kéde fún àwọn dókítà, mẹ́ta nínú ẹ̀ ni wọ́n tiẹ̀ kó kúrò nílẹ̀ pátápátá. Bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Oògùn tó ti pẹ́, a ti mọ gbogbo àkísà ẹ̀.

Èyí tó tún ń yà mí lẹ́nu ni pé tuntun ò fi bẹ́ẹ̀ lágbára jù náà. Ìwádìí kan wà tí wọ́n ń pè ní ALLHAT, èsì ẹ̀ jáde ní December 2002, ó lé ní 33,000 èèyàn tí BP ń dà láàmú, gbogbo wọn ti tó ẹni ọdún 55, bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ló jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Wọ́n fún àwọn kan ní chlorthalidone, oògùn àtijọ́ olówó pọ́ọ́kú tó máa ń mú kéèyàn tọ̀, wọ́n fún àwọn kan ní amlodipine, àwọn míì gba lisinopril, àwọn méjì yẹn ni ọmọ tuntun nígbà náà. Kò séyìí tó na ti àtijọ́ nínú wọn. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú, rọpárọsẹ̀ tiẹ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó gba lisinopril ju àwọn tó gba ti àtijọ́ lọ. Metformin náà tẹ́ ẹ ń pè ní ti ayé Awólọ́wọ̀ yẹn, láti 1957 ni wọ́n ti ń fi tọ́jú àtọ̀gbẹ ní ilẹ̀ Faransé, títí dòní òun ni ọ̀pọ̀ dókítà ṣì máa ń kọ́kọ́ kọ.

Ìgbà míì dẹ̀ wà tó jẹ́ pé páálí nìkan ló tuntun. Ìyá kan wá láìpẹ́ yìí, ọjà Wazo ni wọ́n ti ń ta ẹ̀lùbọ́, wọ́n da náílọ́nù dúdú kan sórí káńtà. Ọmọ wọn tó wà lókè òkun ló fi oògùn BP ránṣẹ́, wọ́n ń lò ó pọ̀ mọ́ èyí tí ọsibítù kọ fún wọn. Ẹsẹ̀ wọn méjèèjì ti wú débi pé bàtà ò wọlé mọ́, ńṣe ni wọ́n tẹ gìgísẹ̀ lé sílípáàsì lẹ́yìn. Mo yí páálí òkè òkun yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo wo lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó wà lábẹ́ orúkọ ńlá, amlodipine 10 mg. Mo gbé ti ọsibítù, amlodipine 10 mg. 20 lójúmọ́ nìyẹn, nígbà tó jẹ́ pé 10 lòpin ẹ̀, ẹsẹ̀ wíwú dẹ̀ wà lára ohun tó máa ń fà gan-an tó bá ti pọ̀.

“Ìyá, oògùn kan náà ni méjèèjì o.”

“Háà, ọmọ mi, èyí tó láwọ̀ góòlù yìí ńkọ́?”

Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ gba ẹ̀bùn ọmọ wọn lọ́wọ́ wọn. A bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n tó gbà láti kó méjèèjì lọ bá dókítà wọn lọ́jọ́ náà.

Mi ò sọ pé oògùn tuntun ò dáa o, kẹ́ ẹ má lọ gbé e síbòmíì. Dolutegravir tí wọ́n fi ń tọ́jú HIV, 2013 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i, ó dáa ju ọ̀pọ̀ tó ṣáájú ẹ̀ lọ. Ní 2018 àwọn tó ń ṣọ́ ọ ní Botswana rí i pé àfàìmọ̀ kó máa ṣe ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ inú oyún, ẹ̀rù ba gbogbo ayé. Wọn ò dákẹ́, wọ́n ń ka àwọn ọmọ tí wọ́n ń bí lọ, bí iye ọmọ ṣe ń pọ̀ sí i ni wọ́n rí i pé ewu yẹn kéré ju bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ rò lọ, ní July 2019 WHO ní òun ni kí wọ́n máa fi ṣáájú, tọkùnrin tobìnrin. Òun náà ní tiẹ̀ ṣá: tẹ́ ẹ bá ń mu oògùn ẹ̀jẹ̀ (èyí tó ní iron nínú) tàbí calcium láìjẹun, dolutegravir gbọ́dọ̀ ṣáájú ẹ̀ ní wákàtí méjì, tàbí kó tẹ̀ lé e ní wákàtí mẹ́fà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ara ò ní gbà á dáadáa. Aláboyún mélòó ni wọn ò fún ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ yìí?

Abẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ fi ń wá bẹ́ ẹ ṣe máa tẹ́ẹ́rẹ́ wá kù. Ozempic, December 2017 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i, fún àtọ̀gbẹ. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, 0.25 mg lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó tó di 0.5, àmọ́ ẹni tí ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń tà á lórí WhatsApp á fẹ́ bẹ̀rẹ̀ látòkè, èébì á wá fẹ́ gbẹ̀mí ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó ṣí i, inú fíríìjì ló gbọ́dọ̀ wà, iná ìlú wa dẹ̀ rèé, ẹ mọ̀ ọ́n, ta ló mọ oòrùn tó ti pa á kó tó dé ọwọ́ yín? Ní 2024 WHO kìlọ̀ pé ayédèrú ẹ̀ ti wọlé sọ́jà láwọn orílẹ̀-èdè kan. Ẹni tó ń gbèrò oyún, ó kéré tán oṣù méjì ṣáájú ló gbọ́dọ̀ ti fi í sílẹ̀.

Tí wọ́n bá kọ oògùn tuntun fún yín, ẹ béèrè orúkọ ohun tó wà nínú ẹ̀ gan-an, ẹ sọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti ń lò, àgbo náà ń bẹ nínú ẹ̀ jàre, ẹ má bò ó. Tí nǹkan bá ṣe yín lẹ́yìn tẹ́ ẹ lò ó, ẹ tètè lọ ọsibítù, ẹ má ju páálí nù, NAFDAC ní áàpù tó ń jẹ́ Med Safety tẹ́ ẹ lè fi sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ látorí fóònù, àwa náà lè bá yín kọ ọ́. Ẹni tó bá dẹ̀ ń lo ọ̀kan lọ́wọ́ tó ka eléyìí tí àyà ẹ̀ wá ń já, kó má dá a dúró fúnra ẹ̀ o, oògùn BP wà tó jẹ́ pé téèyàn bá ṣàdédé fi í sílẹ̀, BP á fò sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kó gbé páálí ẹ̀ dání, kó padà lọ bá ẹni tó kọ ọ́ fún un.