Ẹ Bá Wa Yà Á Dáadáa, Dubai La Wà

Ní Èkó báyìí, ẹni tó bá pé ogójì ọdún tí kò lọ ṣe é ní Dubai, kò tíì dájú pé ó pé ogójì. Ọjọ́ ìbí tí wọ́n to àga sójúde, tí ìrẹsì ṣẹ́ kù táwọn aládùúgbò ń bù ú sínú ọ̀rá lọ sílé, ìyẹn ti di ti ará oko. Bàálù ni ọjọ́ ìbí ń wọ̀ báyìí.

Burj Khalifa rèé. Mítà 828 ni gíga rẹ̀, látìgbà tí wọ́n sì ti ṣí i ní 2010, kò tíì sí ilé tó ga jù ú lọ láyé. Ẹ̀yìn ni Àǹtí wa, ọlọ́jọ́ ìbí, kọ sí i. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ na gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń wá bí ṣóńṣó ilé náà yóò ṣe wọ fọ́tò.

"Ṣó wọlé?"

"Ó wọlé, àmọ́ ó ti gé ẹ lórí."

Wọ́n tún un yà. Kí orí àti ṣóńṣó tó bára mu, àtíkè ti ṣàn dé ọrùn. Oṣù Kẹjọ ni wọ́n kúkú lọ, torí òtẹ́ẹ̀lì ń dínwó nígbà yẹn. Kò sẹ́ni tó béèrè ìdí. Ooru a máa kọjá ìwọ̀n 40, débi pé ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì ló ní ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹni tó sá fún oòrùn Èkó wá lọ bá ìyá oòrùn nílé.

Etíkun Jumeirah rẹwà, n ò ní parọ́. Wọ́n tẹsẹ̀ bọ omi, wọ́n yà á, wọ́n sá wọ mọ́ọ̀lù.

Ó wá kan aṣálẹ̀. Wọ́n háyà aṣọ pupa onírù gígùn kan. Ẹnì kan ń ju ìrù rẹ̀ sókè, kó lè dà bíi pé atẹ́gùn ló ń gbé e. Lẹ́yìn náà, ràkúnmí. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ràkúnmí kọ́kọ́ fi ń dìde, wọn ò sì sọ fún Àǹtí. "Jésù o!" láàárín aṣálẹ̀ Lárúbáwá. Ìyẹn ò dé orí Instagram.

Ìlú apẹja àtàwọn tó ń wá péálì nísàlẹ̀ òkun ni Dubai kí wọ́n tó rí epo níbẹ̀ ní 1966. Ọ̀sà tó là á láàárín ṣì wà, ọkọ̀ ojú omi abra sì ń gbé èèyàn sọdá sí àdúgbò Deira ní dírámù kan, owó wọn. Ta ni yóò ya fọ́tò nínú ọkọ̀ dírámù kan? Àwọn ìyá oníṣòwò Balógun tó ti ń ra wúrà ní Deira tipẹ́, àwọn ló mọ ìlú yẹn. Wọn ò ní fọ́tò; rìsíìtì ni wọ́n ní.

Nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn físà mọ́ wa ní 2022, tí Emirates, iléeṣẹ́ bàálù wọn, náà ò fò wá mọ́ torí owó wọn tó há sọ́dọ̀ wa, mo ní ó tán. Zanzibar làwọn ọlọ́jọ́ ìbí yà sí. Oṣù Kẹwàá 2024, Emirates padà sí Èkó, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ìwé ìpè kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù mi: àwọ̀ aṣọ, ọjọ́, iye tí n ó dá. Mo béèrè bóyá oúnjẹ ń bẹ. Wọ́n ní oníkálukú ni yóò ra tirẹ̀. Ayàwòrán nìkan làwọn ń bọ́.