Gègé Ṣáínà tí kò kọ̀wé: níbù kọ́ ló jẹ̀bi

Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé gègé onííǹkì, ìyẹn fountain pen, tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà tí wọ́n sì ń tà ní dọ́là 2 sí 10, kò lè kọ̀wé dáadáa, torí níbù olówó pọ́ọ́kú, ìyẹn irin tó ń kọ̀wé, ló wà lẹ́nu rẹ̀. Bí ìlà bá ń já, bó bá ń ha bébà, bó bá kọ̀ tí kò bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, ìdájọ́ ti délẹ̀: "Ṣebí ọjà Ṣáínà ni." Wọ́n á jù ú nù, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó de èyí tó ní níbù góòlù.

Ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi kọ́ ló ṣẹ̀. Nínú gègé Ṣáínà bíi Jinhao X750, Hero 616 tàbí Wing Sung 3008, níbù wà lára ohun tó dára jù. Owó tí wọ́n dín kù, ibòmíràn ni wọ́n ti dín in: wọn kì í sábà fọ epo ẹ̀rọ kúrò lára gègé kó tó jáde nílé iṣẹ́, wọn kì í yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ike rẹ̀ sì máa ń fẹ́lẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àléébù yìí kò gbà ju ọṣẹ àti sùúrù díẹ̀ lọ. Díẹ̀ nínú wọn kò gbóògùn rárá, a ó sì dé orí ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ góòlù ni ká kọ́kọ́ yanjú, torí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Góòlù kì í fara kan bébà. Ní ṣónṣó níbù, ì báà jẹ́ ti góòlù, ì báà jẹ́ ti irin, wọ́n jó ẹyọ irin líle bíńtín kan mọ́ ọn kó má baà tètè jẹ. Iridium ni wọ́n ń pè é láti ayébáyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irin líle mìíràn ni wọ́n sábà ń lò lónìí. Ẹyọ yìí ló ń rìn lórí bébà, bí wọ́n sì ṣe dán an ló ń pinnu bóyá ìkọ̀wé á máa yọ̀ geere tàbí á máa ha. Ìdí tí góòlù fi gbajúmọ̀ láyé àtijọ́ ni pé íǹkì ìgbà yẹn, pàápàá iron gall, ní ásíìdì tó ń jẹ irin lásán, kò sì rí góòlù jẹ. Nígbà tí irin tí kì í dógùn-ún dé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, ìdí yẹn dín kù jọjọ. Níbù góòlù mìíràn máa ń rọ̀ díẹ̀ lábẹ́ ọwọ́, ó sì lẹ́wà. Ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀ kò ṣẹ̀. Àmọ́ kò sí ohun tó ní kó kọ̀wé ju níbù irin tó tọ́ lọ.

Ẹ má sì jẹ́ kí ohun tí wọ́n fín sójú níbù tàn yín. 18KGP tó wà lórí ọ̀pọ̀ níbù Jinhao ń sọ pé irin ni, wọ́n kàn fi góòlù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó. Níbù góòlù tòótọ́ sábà máa ń ní 585 tàbí 750 lára, ìyẹn ìwọ̀n góòlù tó wà nínú 1,000. "Iridium Point Germany" náà kò fi hàn pé Jámánì ni gègé ti wá. Àìmọye gègé tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà ló ní in lójú. Ẹni tó bá tà á fún yín bíi góòlù ni kẹ́ ẹ bá jà.

Iṣẹ́ níbù kò ṣàjèjì sí wọn níbẹ̀. Láti 1931 ni ilé iṣẹ́ tó wá di Hero ti wà ní Shanghai. Nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ṣáínà, àwọn ọmọdé ṣì máa ń kúrò lórí pẹ́ńsù bọ́ sórí gègé onííǹkì, nítorí náà ọjà tí ọmọdé ń fi ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ ni. Ohun tí wọ́n ń kọ ló sì mú kí níbù wọn tín-ín-rín: àmì ọ̀rọ̀ 赢, tó túmọ̀ sí kéèyàn borí, ní ìlà 17, gbogbo rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gba inú àpótí kékeré kan lójú ìwé. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí 0.38 tàbí 0.5 mílímítà lára páálí wọn. Ẹni tó mọ níbù Yúróòpù tó gbòòrò lára á ní ó ń ha, bẹ́ẹ̀ ó lè má sí àléébù kankan níbẹ̀. Níbù tó tín-ín-rín máa ń jẹ́ kí ọwọ́ mọ bí ojú bébà ṣe rí. (Fún ẹni tó ń kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn lókè àti kán nísàlẹ̀, 0.38 yìí gan-an ló bá a mu. Níbù gbòòrò á sọ lẹ́tà "ẹ" di àbàwọ́n.)

Báwo lẹ ṣe máa mọ ìyàtọ̀? Ẹ fi gègé ya 8 ńlá mélòó kan láìtẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ń ṣe bákan náà níbi gbogbo, ìtínrín rẹ̀ lẹ ń gbọ́. Bó bá jẹ́ pé ó ń ha nígbà tẹ́ ẹ bá lọ sápá kan, tí ó sì ń yọ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń padà bọ̀, apá kan nínú méjì tí ìlà àárín pín níbù sí ga ju èkejì lọ.

Àmọ́ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan níbù rárá, ẹ fọ̀ ọ́. Epo ló ń dá ọ̀pọ̀ gègé tuntun dúró. Feed, ìyẹn ike onílà wẹ́wẹ́ tó wà lábẹ́ níbù, inú àwo ìmọ ike ló ti jáde, epo àwo náà sì lè ṣẹ́ kù sára rẹ̀. Íǹkì omi ni. Ó ń gba inú ihò tín-ín-rín yẹn kọjá nítorí pé ó ń lẹ̀ mọ́ ara ike tó sì ń fà á lọ. Ibi tí epo bá wà, kò ní lẹ̀. Àmì rẹ̀ kò ṣòro í dá mọ̀: gègé á kọ ìlà méjì tàbí mẹ́ta dáadáa, á wá máa ṣá, á sì gbẹ, bẹ́ ẹ bá gbé e sílẹ̀ díẹ̀, á tún kọ ìlà méjì.

Ẹ yọ ara gègé kúrò lára ọrùn, ìyẹn ibi tí ìka ń dì mú, kẹ́ ẹ sì fa converter, ìyẹn ohun kékeré tó ń fa íǹkì sínú gègé, yọ. Ẹ kán ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọ abọ́, kán mẹ́ta sí mẹ́rin, sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó tó mílílítà 250. Ẹ fi sìríǹjì aláìlábẹ́rẹ́ tàbí bọ́ọ̀lù rọ́bà ti omi yìí gba ẹ̀yìn ọrùn kọjá ní nǹkan bí ìgbà 10 sí 15, kẹ́ ẹ sì fi ọrùn náà sílẹ̀ sínú rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà, omi lásán, títí tí kò fi ní hó mọ́. Ẹ má fo apá yìí: ọṣẹ tó bá ṣẹ́ kù á sọ íǹkì di aláìlágbára, á máa dà wọ̀ọ̀, á sì máa tàn káàkiri inú bébà. Ẹ ká tíṣù, ẹ fi ẹnu níbù kọjú sísàlẹ̀ lé e lórí di ọjọ́ kejì. Omi gbígbóná kò dára, ó ń yí ike padà.

Níbù àti feed Jinhao X450, X750 àti 159 kò ní ìlọ́, wọ́n kàn tẹ̀ wọ́n wọlé ni. Bí fífọ̀ lásán kò bá tó, ẹ fi rọ́bà pẹlẹbẹ dì wọ́n mú pọ̀, kẹ́ ẹ fà wọ́n jáde tààrà láìlọ́ wọn, kẹ́ ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ gba inú àwọn ìlà feed. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń dá wọn padà, ìlà tó la níbù gbọ́dọ̀ wà ní àárín feed gan-an, kò sì gbọdọ̀ sí àlàfo láàárín àwọn méjèèjì. Àlàfo tó fẹ̀ bí irun lásán ti tó láti gé íǹkì. Hero 616 yàtọ̀, níbù rẹ̀ fara pa mọ́ sábẹ́ ìbòrí. Ẹ má fà á. Ẹ ki ẹnu rẹ̀ bọ omi ọṣẹ kẹ́ ẹ máa tẹ àpò ìfami rẹ̀. Wing Sung 3008 ní písítìnì tirẹ̀ nínú. Ẹ yí i lọ yí i bọ̀.

Lẹ́yìn ìfọ̀, bí àléébù bá ṣì wà, a jẹ́ pé ó tó àkókò láti wo níbù, pẹ̀lú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10. Ohun mẹ́ta lẹ ń wá.

Àkọ́kọ́ ni apá tó ga ju èkejì lọ, èyí tá a ti mẹ́nu bà. Ẹ fi èékánná ti apá tó ga wálẹ̀ díẹ̀, ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, ẹ tún wò ó. Ìrìn bíńtín ló ń fẹ́; ẹni tó bá fipá tì í á sọ apá tó ga di apá tó rẹlẹ̀.

Èkejì ni ìlà àárín níbù tó fún jù. Ẹ gbé níbù sókè síwájú iná. Ìmọ́lẹ̀ yẹ kó hàn gba inú ìlà náà, kó máa tín-ín-rín títí dé ṣónṣó. Bí ìlà náà bá ti pa pátápátá kó tó dé ibẹ̀, íǹkì kò ní ọ̀nà, ìkọ̀wé á sì máa gbẹ, á máa ṣá. Ẹ mú idẹ pẹlẹbẹ tó nípọn tó 0.05 mílímítà, ẹ tì í wọ inú ìlà láti ibi ihò níbù, ẹ fà á lọ sí ṣónṣó lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kẹ́ ẹ dán an wò. Abẹ ìfárí kò lè rọ́pò rẹ̀, ó ń gé ara ìlà.

Ẹ̀kẹta ló ń ya èèyàn lẹ́nu jù, torí níbù tó dán jù ni. Wọ́n ti dán an débi pé etí ìlà náà yí wọnú, íǹkì wá dúró sókè díẹ̀ láìkan bébà. Irú gègé bẹ́ẹ̀ máa ń yọ̀ bí òróró, àmọ́ ìlà àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ kì í jáde àyàfi tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Bébà ìdán Micro-Mesh 12,000 ló ń wò ó: ẹ kún íǹkì sínú gègé, ẹ ya 8 kéékèèké márùn-ún lórí rẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́, ẹ kọ̀wé wò, kẹ́ ẹ tó ya márùn-ún mìíràn. Irin tó bá ti kúrò kò ní padà. Ọ̀pọ̀ níbù tí wọ́n ní ó bàjẹ́ láti ilé iṣẹ́, bébà ìdán ló bà á jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò kọ́kọ́ lo ọṣẹ.

Àléébù kan wà tí wọ́n máa ń di ru níbù tí kò kàn án rárá: converter tí kò bá ọrùn mu. Ìwọ̀n méjì ló wà lára gègé Ṣáínà, èyí tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ 2.6 mílímítà, tó bá ti àgbáyé mu, àti èyí tó jẹ́ 3.4. Bẹ́ ẹ bá fi 3.4 sí ọrùn tó ń lo 2.6, ó lè dà bí ẹni pé ó wọlé, àmọ́ afẹ́fẹ́ á máa gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, íǹkì á sì máa jò sínú ara gègé. Ẹ béèrè ìwọ̀n kẹ́ ẹ tó ra converter mìíràn. Bí ìwọ̀n bá sì tọ́, tí íǹkì wà nínú converter ṣùgbọ́n tí kò sọ̀ kalẹ̀, ó ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ni. Ẹ fi ìka ta á.

Ibi tí owó kékeré ti ń hàn gan-an nìyí. Ìdérí ni ìkíní. Ẹ fi ẹnu sí ìdérí òfìfo kẹ́ ẹ fa afẹ́fẹ́. Bí ó bá ń wọlé fàlàlà, íǹkì ẹnu níbù á máa gbẹ mọ́jú, pàápàá nígbà ọyẹ́. Níbù kò lè ṣe nǹkan kan sí i. Kán epo-abẹ́là kan nínú orí ìdérí máa ń dí i. Àmọ́ ihò mìíràn wà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dá, kí ọmọdé tó bá gbé ìdérí mì má baà pàdánù èémí. Ìlànà ISO 11540 wà fún ìyẹn. Gègé tí ọmọdé máa lò, ẹ fi ihò rẹ̀ sílẹ̀.

Ìkejì ni ike. Ike fẹ́lẹ́ máa ń là ní ojú ìlọ́ àti ní etí ìdérí, torí ibẹ̀ ni ọwọ́ ti ń fún un jù. Ẹ yí i dé ibi tó ti dúró, kẹ́ ẹ fi mọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń bu íǹkì tààrà sínú ara gègé láìlo converter ní láti fi gírísì sílíkónì díẹ̀ sí ojú ìlọ́, kí wọ́n sì rí i dájú pé ike ni ara náà. X750 àti 159, idẹ ni. Íǹkì á jẹ ẹ́. Bí íǹkì inú gègé tí wọ́n bu íǹkì sí tààrà bá ti kéré, ooru ọwọ́ á mú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ wú, á sì ti íǹkì jáde ní kán ńlá sórí ìwé. Ẹ tún un bù kó tó dín sí ìdá kan nínú mẹ́ta.

Ní ti íǹkì, èyí tí wọ́n ṣe fún gègé onííǹkì nìkan ni. India ink àwọn ayàwòrán ní oje shellac nínú tó máa ń gan mọ́ inú feed, ọṣẹ kò sì ká a.

Gègé tí ọrùn rẹ̀ bá ti là kò ṣeé tún ṣe: gọ́ọ̀mù kì í dì í pẹ́, íǹkì á sì máa wá sí ìka. Òun ni kẹ́ ẹ jù nù. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ fa níbù àti feed rẹ̀ jáde, ẹ fọ̀ wọ́n, ẹ gbẹ wọ́n, kẹ́ ẹ kó wọn sínú ike kékeré. Níbù X750 á wọ X450, á sì wọ 159.