Ẹ̀sọ̀ Ẹ̀sọ̀ Nìgbín Ń Gun Igi

Ọ̀rọ̀ àwọn asáré wa ní Ìlọrin ti sú mi. Ẹ jáde sí títì Táńkẹ lẹ́yìn ìrun àsùbáà lọ́jọ́ Àtìní, ẹ ó rí wọn: bàtà tuntun, ṣòkòtò tuntun, eré àsápajúdé. Kó tó di Àlàmísì, wọn ò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ bi wọ́n, wọn á ní eré sísá ò bá àwọn lára mu. Irọ́ gbuu! Ìwàǹwára ni kò bá wọn lára mu.

Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ nìgbín ń gun igi. Kò lọ́wọ́, kò lẹ́sẹ̀, síbẹ̀ òkè la ti ń bá a. Àwọn baba wa ò sì ní kó jókòó sídìí igi o.

Dókítà sọ fún ọkùnrin kan ládùúgbò wa pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kó máa ṣe eré ìdárayá. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló bọ́ sọ́nà. Láti Típà Gáráàjì ló ti ki eré mọ́lẹ̀, ó kọrí sí Òkè-Òdó, kò rìn, kò sinmi. Nígbà tí mo yà kí i nírọ̀lẹ́, ìyàwó rẹ̀ ń fi Àbóníkì ra á lójúgun, ó ń ké "yéè!" bí ọwọ́ bá ti kàn án. Bàtà ọ̀hún ń bẹ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí di bí mo ti ń wí yìí.

Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró máa ń tètè mọ eré í sá. Egungun, àti iṣan tó so ẹran mọ́ egungun, kì í tètè gbó sí i. Oṣù mélòó kan ni wọ́n ń fẹ́. Èémí lè ní ó yá, kí ojúgun má tíì ṣetán.

Josh Clark, ará Amẹ́ríkà, ló gbé ètò kan tí wọ́n ń pè ní Couch to 5K kalẹ̀ ní 1996, kí ẹni tí kò sáré rí lè sá kìlómítà 5. Ọ̀sẹ̀ 9 ni, ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ ó kọ́kọ́ rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 5. Lẹ́yìn náà, ẹ sáré fún ìṣẹ́jú-àáyá 60, ẹ rìn fún 90, ẹ máa ṣe é bẹ́ẹ̀ títí ìṣẹ́jú 20 yóò fi pé. Ìrìn pọ̀ níbẹ̀ ju eré lọ, kò sì sí ìtìjú kankan nínú ẹ̀. Bí ẹ ò bá lè sọ gbólóhùn kan tán fún ẹni tẹ́ ẹ jọ ń lọ, eré yẹn ti pọ̀ jù.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jókòó létí títì, tẹ́ ẹ ń pariwo "Ta ló ń lé yín?" sí ìyá oníhíjáàbù tó rọra ń sáré tiẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Kó lè tètè kúrò lójú yín ló ṣe ń sá ju agbára rẹ̀ lọ. Ẹ fi í sílẹ̀!

Ẹ̀yin asáré, ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ sá fún oòrùn ọ̀sán oṣù Kẹta. Apá òsì títì ni kẹ́ ẹ gbà, kẹ́ ẹ lè máa rí ọ̀kadà tó ń bọ̀. Ẹni tí kò bá sì tíì ṣe ọ̀sẹ̀ 9 tán, kó má wá sọ fún mi pé eré ò bá òun lára mu.