Ẹni Tí A Ní Kó Fẹ́ Ni Lójú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Oró òwe yìí ju oró ata lọ, nítorí pé ẹni tí ojú ń dùn ló fọwọ́ ara rẹ̀ ya ojú sílẹ̀ fún ẹni tó gbójú lé. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé òwe náà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà, àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, ó kù díẹ̀ kó tó, torí wọn kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó wá fẹ́ àwọn lójú. Ìjọba ló yan ara rẹ̀ sípò.

Ní 1897, Queensland, tó jẹ́ ìpínlẹ̀ kan ní Ọsirélíà, ṣe òfin kan tó ní òun ń dáàbò bo àwọn ọmọ onílẹ̀, ó sì fi àwọn tí wọ́n ń pè ní Olùdáàbòbò jẹ olórí lé wọn. Lọ́pọ̀ ibi, ọlọ́pàá àdúgbò ni Olùdáàbòbò náà. Nígbà tó yá, ẹni tó ń da màlúù láti òwúrọ̀ di alẹ́ kò lè gba owó iṣẹ́ rẹ̀ tán lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ mọ́: wọn á fún un ní díẹ̀ bí owó àpò, ìyókù á gba ọ̀dọ̀ Olùdáàbòbò lọ sínú àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ òṣìṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n tí ìwé rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìyàwó bá fẹ́ ra aṣọ, tàbí tí ọmọ kò ní bàtà, ó di kí òṣìṣẹ́ náà lọ dúró níwájú ọlọ́pàá láti tọrọ owó tó jẹ́ tirẹ̀. Bí wọ́n bá gbà fún un, yóò tẹ àtàǹpàkò sórí ìwé tí ọ̀pọ̀ wọn kò lè kà. Alájọ inú ọjà wa a máa mú owó ọjọ́ kan nínú oṣù, a sì ti gbà bẹ́ẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n káàdì wà lọ́wọ́ ìyá aláta, ó ń ka ilà rẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì mọ ọjọ́ tí yóò kó.

Hans Pearson, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ onílẹ̀ Queensland, ṣiṣẹ́ ní oko màlúù fún bí ọdún mẹ́wàá. Nígbà tó lọ béèrè owó rẹ̀ kó lè fi ra ilé fún ẹbí rẹ̀, 28 pọ́n-ùn ni wọ́n kà lé e lọ́wọ́.

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ní 2002, ìjọba Queensland gbé mílíọ̀nù 55.4 dọ́là Ọsirélíà kalẹ̀, ó ní àgbà yóò gba 4,000, ẹni tó kéré sí wọn yóò gba 2,000. Ẹni tó bá gbà á yóò fọwọ́ sí i pé òun kò ní pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà mọ́, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó wà láàyè ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ọdún náà. Owó gbà-má-bínú ni àwa ń pe irú owó báyìí, ibẹ̀ gan-an ni mo sì ti rí àṣìṣe. Gbà-má-bínú wà fún ẹni tí a ṣẹ̀, tí a kò lè dá ohun tó sọnù padà fún. Ẹni tó ṣiṣẹ́ tí a kò sanwó fún, gbèsè ló wà lọ́rùn wa. A kì í fi ọjọ́ orí ẹni tí a jẹ lówó ṣírò gbèsè, a kì í sì sọ pé nítorí ó ti kú, ó ti parí. Àwọn ọmọ onílẹ̀ fúnra wọn kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: owó iṣẹ́ tí wọ́n jí ni orúkọ tí wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn náà ni Pearson ṣíwájú àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ tó lé ní 10,000 lọ sílé ẹjọ́, ìjọba sì gbà ní 2019 láti san mílíọ̀nù 190 dọ́là. Nínú rẹ̀ náà ni agbẹjọ́rò àti àwọn tó náwó sí ẹjọ́ ti mú tiwọn.

Ìmọ̀ràn mi kò jìnnà sílé. Ní New South Wales, ìpínlẹ̀ mìíràn ní Ọsirélíà, àwọn ọmọdébìnrin ọmọ onílẹ̀ tí ìjọba gbà lọ́wọ́ òbí wọn ni wọ́n rán lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, tí wọ́n ní àwọn ń bá wọn tọ́jú owó wọn. Èmi àti ìwọ mọ gbólóhùn yẹn dáadáa: “Mò ń bá ọ tọ́jú rẹ̀ ni.” Bí ọmọ ọ̀dọ̀ bá wà nílé rẹ, ẹ jọ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ lóṣooṣù, kí ìwé náà wà lọ́wọ́ tirẹ̀, kí o sì kà á fún un lójú àwọn ẹbí rẹ̀ nígbà tó bá béèrè, láìsí pé o ń sọ ohun tó ti jẹ lọ́dọ̀ rẹ fún un.

Ní ìpínlẹ̀ Western Australia, 2,000 dọ́là ni ìjọba kọ́kọ́ fi lọ àwọn èèyàn ní 2012. Ẹjọ́ tí Mervyn Street, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ṣíwájú rẹ̀ ló mú kí wọ́n gbà ní 2023 láti san tó mílíọ̀nù 180.4 dọ́là, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ṣiṣẹ́ láàárín 1936 sí 1972 láìgbowó tó tọ́ sí i lè gba 16,500. Wọ́n fẹnu kò pé bí òṣìṣẹ́ náà bá ti kú, ọkọ tàbí aya tó fi sílẹ̀ lè gbà á, tàbí àwọn ọmọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ti darúgbó.