Ebi kì í dènà òòyì ojú òkun

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp pé ẹni tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ afẹ́ ojú òkun kò gbọdọ̀ jẹ ohunkóhun kó tó wọlé, torí pé ikùn tó ṣófo kò ní ohun tí yóò bì. Irọ́ ni.

Òòyì yìí kò ti ikùn bẹ̀rẹ̀ rárá. Inú etí ni ẹ̀yà ara tó ń sọ fún ọpọlọ pé ara ń mì wà. Bí ẹ bá jókòó sínú yàrá ọkọ̀, ojú ń rí ògiri tó dúró jẹ́ẹ́, etí ń sọ pé ìgbì ń gbé yín lọ sókè sódò. Ẹ̀rí méjèèjì tako ara wọn, ibẹ̀ ni èébì ti ń wá. Ebi kò lè parí ìjà yẹn. Òróòro lásán lẹ máa bì, ó sì korò jùyẹn lọ!

Oúnjẹ fẹ́ẹ́rẹ́ ló dára: búrẹ́dì, bisikíìtì, ìrẹsì díẹ̀. Ẹ yẹra fún ọ̀rá àti ọtí. Charles Darwin, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì, tí òkun dá lóró nínú ọkọ̀ Beagle láàárín 1831 sí 1836, kọ̀wé pé èso àjàrà gbígbẹ ni ikùn òun ń gbà.

Ẹ gba yàrá àárín ọkọ̀, nísàlẹ̀, níbi tí mímì kò ti pọ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀, ẹ bọ́ síta, kí ẹ tẹjú mọ́ ibi tí òkun ti pàdé ojú ọ̀run. Ní ti oògùn bíi meclizine, nǹkan bíi wákàtí kan ṣáájú ìrìn àjò ni wọ́n ń lò ó, oorun sì máa ń kun ẹni tó bá lò ó. Kí aláboyún kọ́kọ́ bi dókítà.