Àfikún àkókò ìdánwò kì í ṣe ojúsàájú

Àwọn kan ń sọ ọ́ kiri l'Abẹ́òkúta pé àfikún àkókò tí yunifásítì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ afọ́jú nínú ìdánwò, ojúsàájú ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òfin tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019 ló ka fífi ọwọ́ rọ́ akànda ẹ̀dá sẹ́yìn léèwọ̀, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ bíi FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Abẹ́òkúta, kò sì yọ sílẹ̀.

Ìbéèrè kan náà ni, máàkì kan náà ni. Ìka ni ẹni tó ń ka Braille, ìkọ̀wé afọ́jú tó yọ sókè lórí ìwé, fi ń tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Kò lè sáré fojú wo gbogbo ìwé kó ṣa ìbéèrè tó rọrùn. Bí wákàtí 2 bá jẹ́ ti kíláàsì, tí wọ́n fi ìdá kan nínú mẹ́rin kún un, wákàtí 2 ààbọ̀ péré ni.

Ká sòótọ́, ìdánwò kọ́ ni wàhálà tó pọ̀ jù. Olùkọ́ á ya fọ́tò ìwé, á sọ ọ́ di PDF, á jù ú sórí WhatsApp. Ọ̀fẹ́ ni NVDA tó ń ka ọ̀rọ̀ orí kọ̀ǹpútà síta, àmọ́ àwòrán ló bá níbẹ̀, kò rí ọ̀rọ̀ kà. Fáìlì Word tí wọ́n fi tẹ ìwé náà ni kí wọ́n fi ránṣẹ́, ṣáájú kíláàsì, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ti àtẹ̀gùn tí akẹ́kọ̀ọ́ orí kẹ̀kẹ́ arọ kò lè gùn ńkọ́? Èyí tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 45 ń fẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ náà máa gbà, tó gùn tó mítà 5.4. Bí bíríkìlà bá fi mítà 2 ṣe é, kẹ̀kẹ́ lè dojú dé sẹ́yìn. Kíláàsì orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sì ṣeé gbé wá sísàlẹ̀. Táìmùtébù nìkan ni wọ́n máa tún ṣe.