Ẹ yé ta gíláàsì àti ẹja fún wa lọ́jọ́ kan náà

Ẹja ọ̀ṣọ́ mẹ́jọ ni mo rà láti máa sìn nínú gíláàsì. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹsàn-án, ó ku ẹyọ kan. Ebi ò pa wọ́n, ológbò ò gbé wọn, a ò sì fi wọ́n sílẹ̀ láìtọ́jú. Ẹni tó tà wọ́n fún mi ló pa wọ́n. Mo fẹ́ sọ bó ṣe pa wọ́n, torí mo mọ̀ pé bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ṣì ń ta irú wọn fún ẹlòmíì.

Ọmọ mi obìnrin ló ń pé ọdún 7. Ó ti tó ọdún kan tó ti ń bẹ̀ mí pé òun fẹ́ ẹja inú gíláàsì, irú èyí tó rí ní pálọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀. Mo ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ bọ́ sí, mo mú un dání, ó di ìsọ̀ ẹnì kan tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ n'Íbàdàn níbí. Kí n tó jókòó ni mo ti sọ fún ọkùnrin náà pé n ò sin ẹja rí láyé mi, kó jọ̀ọ́, kó là á yé mi bí ẹni ń kọ́ ọmọdé.

Ó ní, "Mọ́mì, kò sí wàhálà. Ẹ jẹ́ n ṣètò gbogbo ẹ̀ fún yín."

Ó gbé gíláàsì tó ń gba omi lítà 40 kalẹ̀. Ó gbé fílítà tó ń sẹ́ omi, pọ́ǹpù afẹ́fẹ́, òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n kùn ní búlúù àti pínkì, ilé oníke kan, àti hítà tó ń mú omi gbóná. Ó wá bu ẹja sínú ọ̀rá: góòlùfíìṣì 5, ẹja dúdú 2 tí wọ́n ń pè ní molly, àti pleco 1, èyí tó máa ń fi ẹnu lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Ó ní pleco yẹn ni yóò máa bá wa jẹ gbogbo ìdọ̀tí. Gbogbo ẹ̀ lé ní ₦85,000. Mo bi í léèrè, mo tún bi í lẹ́ẹ̀kejì: "Ṣé mo lè da ẹja sí i lónìí?" Ó ní, "Ojú ẹsẹ̀ ni, Mọ́mì. Ẹ ṣáà ti da omi sí i."

Gbólóhùn yẹn ló pa ẹja mi.

Ohun tó yẹ kó sọ kò gùn. Ẹja ń yàgbẹ́, ó sì ń mí èérí jáde láti ìjàgbá rẹ̀, ìyẹn ibi tó fi ń mí. Amóníà ni èérí yẹn. Nínú odò, omi tó ń ṣàn á gbé e lọ. Nínú gíláàsì, kò ríbi lọ, inú ẹ̀ náà ni ẹja ń mí sí. Amóníà yìí máa ń jó ìjàgbá ẹja. Ohun tó ń gbà wọ́n lọ́wọ́ ẹ̀ jù lọ ni àwọn kòkòrò àìfojúrí kan tó máa ń so mọ́ tìmùtìmù inú fílítà àti ara òkúta ìsàlẹ̀. Ọ̀wọ́ kan nínú wọn á jẹ amóníà, á sọ ọ́ di náítíráìtì. Májèlé ni náítíráìtì náà, kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ẹja gbé afẹ́fẹ́. Ọ̀wọ́ kejì á wá sọ náítíráìtì di náítíréètì, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu, tí èèyàn lè máa dín kù bó bá ń pààrọ̀ omi díẹ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Kò sí àwọn kòkòrò wọ̀nyí nínú gíláàsì tuntun. Ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ni wọ́n sábà máa ń gbà kí wọ́n tó pọ̀ tó. Ọ̀sẹ̀ 4 sí 6! Ọkùnrin yìí sì ní ojú ẹsẹ̀.

Ọjọ́ kẹta, omi funfun bí omidùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, gbogbo góòlùfíìṣì ti kóra jọ sókè omi, wọ́n ń ya ẹnu, wọ́n ń pa á dé, wọ́n ń ya á, wọ́n ń pa á dé. Mo sún mọ́ wọn, mo rí i pé ìlà pupa ti là sára ìrù ọ̀kan nínú wọn, bí okùn tín-ín-rín. Ọmọ mi fi ìka kan gíláàsì níwájú ẹ̀. Kò sá. Kó tó di ọ̀sán, ó ti lé fòó.

Mo pe ọkùnrin náà. Ẹ gbọ́ ohun tó ní kí n ṣe: kí n da gbogbo omi nù, kí n fi ọṣẹ fọ gíláàsì, òkúta àti fílítà dáadáa, kí n wá da oògùn búlúù kan sí i. Kí n wá ra oògùn ọ̀hún lọ́dọ̀ òun. Mo lọ rà á. Mo fọ gbogbo ẹ̀, mo fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Ó wá yé mi lẹ́yìn náà pé ìwọ̀nba kòkòrò tó ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í so mọ́ fílítà ni mo fi ọwọ́ ara mi fọ̀ dànù. Ọjọ́ kẹfà, ẹja 2 kú. Ọjọ́ kẹjọ, ẹja 3. Ọjọ́ kẹsàn-án, pleco náà dojú dé lórí òkúta búlúù. Ọmọ mi ń kó wọn sínú agolo mílíìkì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sin wọ́n sídìí igi ata. Nígbà tí mo tún pe oníṣòwò yìí, ohun tó jáde lẹ́nu ẹ̀ ni pé, "Ẹja máa ń kú, Mọ́mì. Ẹ wá ra òmíràn, mo máa ṣe é ní jẹ́jẹ́ fún yín."

Inú bí mi débi pé n ò lè dá a lóhùn.

Bàbá kan ládùúgbò wa tó ń sin àrọ̀ ló là á yé mi. Ó wọlé, ó wo gíláàsì, ó béèrè pé, "Ìgbà wo lẹ gbé e kalẹ̀?" Mo sọ fún un. Ó mi orí. Ó ní àwọn tó ń sin àrọ̀ pàápàá ò gbọdọ̀ fojú di amóníà, àmọ́ àrọ̀ lè yọrí sókè gba afẹ́fẹ́ láti ojú omi, ara ẹ̀ gba ìyà. Ó ní góòlùfíìṣì mi kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Ó fún mi ní ìgò kékeré mélòó kan tó fi ń yẹ omi wò. A kán oògùn sínú omi, omi yí, ó di àwọ̀ ewé kíkan. Ó ní bí omi bá dára, àwọ̀ yẹ́lò ló yẹ kí n rí. Ó tún sọ fún mi pé bí omi bá ṣe gbóná tó ni amóníà ṣe ń le sí i. Ẹ wo ìlú wa. Ẹ wo oòrùn wa.

Èyí ló mú mi dé orí hítà. Kí lèèyàn ń fi hítà ṣe n'Íbàdàn? Mo ti ki ẹ̀rọ ìwọ̀n ooru bọ omi mi láàárọ̀ àti lálẹ́: 28, 29. 26 ni wọ́n yí hítà sí. Láti ọjọ́ tí mo ti rà á, iná pupa ara ẹ̀ ò tàn rí. Góòlùfíìṣì gan-an, omi tútù ló fẹ́. Ọkùnrin yìí mọ̀, ó ta hítà fún mi, ó sì ta ẹja omi tútù fún mi, nínú ìlú olóoru. Lórí pẹpẹ tó wà lẹ́yìn ẹ̀, pọ́ǹpù kékeré tó ń lo bátìrì wà níbẹ̀. Mo rí i nígbà tí mo padà lọ. Bí wọ́n bá mú iná lọ, tí fílítà dúró fún wákàtí bíi mélòó kan, kòkòrò inú ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú torí kò sí afẹ́fẹ́. Ta ni kò mọ̀ pé wọ́n ń mú iná lọ? Ohun tí mo nílò wà lẹ́yìn ẹ̀, ohun tí n ò nílò ló dì fún mi.

Ìwọ̀n ẹja náà ńkọ́? Góòlùfíìṣì lè gùn ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, ó sì lè lo ju ọdún 10 lọ láyé. Pleco tó bù fún mi, bí ìka ọwọ́ ló rí lọ́jọ́ yẹn, irú wọn tí wọ́n sábà ń tà máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 40. Gíláàsì mi ò gùn ju sẹ̀ǹtímítà 50 lọ. Irọ́ sì ni pé ó ń jẹ ìdọ̀tí. Òun gan-an ń yàgbẹ́ ju gbogbo wọn lọ.

Ohun tó tún ń dùn mí ni pé ẹja wà nílẹ̀ wa tí irú omi àti irú ooru yìí bá lára mu. Kribensis wà, ẹja kékeré tí kì í sábà gùn tó sẹ̀ǹtímítà 12, tí ikùn abo ẹ̀ máa ń pọ́n wẹ̀ẹ̀ bó bá fẹ́ yé ẹyin. Inú odò gúúsù Nàìjíríà níbí ló ti wá. Láti ọdún 1901 ni Boulenger, onímọ̀ ẹja, ti kọ nípa ẹ̀. Bí a bá da ojú ìkòkò amọ̀ kékeré dé fún un nínú omi, inú ẹ̀ ló máa yé sí, akọ àti abo á sì jọ máa ṣọ́ ọmọ wọn. Àwọn èèyàn ń sin ín ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Mo béèrè ẹ̀ ní ìsọ̀ mẹ́ta n'Íbàdàn. Góòlùfíìṣì ni gbogbo wọn nà sí mi.

Molly dúdú kan ló kù. Bàbá alárọ̀ ní kí n má fọ nǹkan kan mọ́, kí n máa bu ìdá kan nínú mẹ́rin omi dànù lójoojúmọ́, kí n fi omi mìíràn tó ti sùn nínú báàkẹ́ẹ̀tì dípò ẹ̀, kí n sì dín oúnjẹ kù sí èyí tó lè jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú méjì. Aago márùn-ún àárọ̀ ni mo ń jí ṣe é kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Ọjọ́ 31 rèé. Amóníà ti yí sí yẹ́lò. Náítíráìtì ṣì ń yọ àwọ̀ elése àlùkò, ìyẹn ni pé kò tíì tán nínú omi.

Sátidé tó kọjá, mo gba iwájú ìsọ̀ ọkùnrin náà kọjá. Tọkọtaya kan dúró níbẹ̀, gíláàsì tuntun wà nílẹ̀, ó ń so ọ̀rá góòlùfíìṣì fún wọn. Mo wọlé. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ti sọ fún yín pé omi gbọ́dọ̀ dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan?" Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má ba ọjà mi jẹ́ o." Mo fi fọ́tò agolo mílíìkì tó wà nídìí igi ata hàn wọ́n, mo ka ẹja méje fún wọn. Ìyàwó wo ọkọ ẹ̀. Obìnrin náà gba ọ̀rá lọ́wọ́ oníṣòwò yìí, ó gbé e padà sórí tábìlì. Gíláàsì àti fílítà nìkan ni wọ́n gbé lọ.